Re: "Afọwọ́sọ̀rọ̀" fún ọmọláńgidi? Rárá o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ ń kọ, mo ní kí n má dá sí i, àmọ́ ó ti wá di ọ̀rọ̀ tí mi ò lè gbé mì mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé London ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n kọ àpilẹ̀kọ gígùn kan lórí Charles Perrault, ọmọ Faransé tó kọ ìtàn Cinderella sílẹ̀, bí ìtàn ẹ̀ ṣe di eré ọmọláńgidi lórí tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé. Àpilẹ̀kọ yẹn dáa, mi ò ní í parọ́. Ṣùgbọ́n láti òkè délẹ̀ wọn ò pe ọmọláńgidi ní ọmọláńgidi níbì kankan, "afọwọ́sọ̀rọ̀" ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ọmọláńgidi ni èyí tí ọmọdé ń pọ̀n kiri tí kì í mira, pé èyí tó ń jó tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ tiẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa sì gbè wọ́n lẹ́yìn, wọ́n ní ẹni tí ò bá fara mọ́ ọn, ará àtijọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká wo "a" tó wà níwájú ọ̀rọ̀ yẹn ná. Apẹja, akọ̀wé, aránṣọ, agbẹjọ́rò, ẹni tó ń ṣe nǹkan ni gbogbo wọn. Tí ohùn "a" yẹn bá lọ sílẹ̀, ó di ohun tí wọ́n ṣe: àkọsílẹ̀, àtọwọ́dá, àfọwọ́fà. Ìyàtọ̀ yẹn ò kéré o, òun gan-an ni gbogbo ẹ̀. Afọwọ́sọ̀rọ̀, ohùn àárín, ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ nìyẹn, ta ló sì ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ láyé yìí bí kò ṣe adití? Mo ka gbólóhùn ẹ̀gbọ́n sókè fún ìyàwó mi, níbi tí wọ́n ti kọ "àwọn afọwọ́sọ̀rọ̀ Jim Henson", ará Amẹ́ríkà tó máa ń ṣe eré ọmọláńgidi lórí tẹlifíṣọ̀n, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé iléèwé àwọn adití ni Henson dá sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó gbọ́ èdè yékéyéké nìyẹn, kò sì mọ̀ pé à ń jà lórí ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní amóhùnmáwòrán ńkọ́, asọ̀rọ̀mágbèsì ńkọ́, pé "a" ohùn àárín náà ló bẹ̀rẹ̀ wọn, wọn kì í sì í ṣe èèyàn. Ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn, ó yẹ kí n dá a lóhùn. Àpótí amóhùnmáwòrán fúnra ẹ̀ ló ń mú ohùn wá tó tún ń mú àwòrán wá. Rédíò fúnra ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ tí kì í gba èsì. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìṣe inú ẹ̀ ń sọ, nǹkan yẹn gan-an ló ń ṣe é. Ọmọláńgidi wá ńkọ́? Ọwọ́ ta ló fi ń sọ̀rọ̀? Ọwọ́ ẹni tó fara pamọ́ sábẹ́ ni! Ẹni abẹ́ yẹn ni afọwọ́sọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ pé a fẹ́ lo ọ̀rọ̀ náà dandan, kì í ṣe èyí tó wà lókè. Ẹnì kan ti kọ ọ́ lánàá pé ká kúkú fi ohùn ìsàlẹ̀ sí i kó di "àfọwọ́sọ", ká sì parí ìjà. Èyíinì sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n "ọwọ́" tó wà nínú ẹ̀ ò jẹ́ kó bá mi lára mu, ìtàn Perrault tí ẹ̀gbọ́n ń sọ gan-an ló sì ta ko ọwọ́ yẹn.

Ẹ wo bí ìtàn wọ̀nyẹn ṣe dé orí tẹlifíṣọ̀n. Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì, sísọ́ọ̀sì ló fi ń gé páálí dúdú sí àwòrán èèyàn àti ẹranko, á so oríkèé wọn kí wọ́n lè tẹ̀, á tẹ́ wọn sórí gíláàsì tí iná ń ti abẹ́ ẹ̀ tàn, kámẹ́rà á máa wò wọ́n láti òkè, á sún wọn díẹ̀, á ya fọ́tò, á tún sún wọn. Báyẹn ló ṣe ṣe Cinderella àti ológbò tó wọ bàtà, méjèèjì ti Perrault, ní London ní 1954, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún. Ọwọ́ wo ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Òjìji lásán lẹ ń rí. Ní Amẹ́ríkà, Ray Harryhausen ṣe ìtàn ọmọbìnrin oníbòrí pupa ní 1949, ọmọláńgidi tí egungun inú ẹ̀ jẹ́ irin, bàbá ẹ̀ ló bá a rọ irin yẹn, ìyá ẹ̀ ló rán aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún wọn, àwòrán kan lẹ́yìn òmíì ló fi yà á. Nígbà tí fíìmù bá ń lọ, kò sí ọwọ́ kankan nínú wọn.

Ká wá bọ́ sórí Henson tí ẹ̀gbọ́n fi ṣe òpó àpilẹ̀kọ wọn. Hey Cinderella!, tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC gbé sáfẹ́fẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 1970, èèyàn gidi ló ṣe Cinderella, èèyàn gidi ló ṣe ọmọ ọba, àwọn ọmọláńgidi ló yí wọn ká. Kermit, ọmọláńgidi ọ̀pọ̀lọ́, wà níbẹ̀, ọwọ́ wà nínú ẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n Splurge ńkọ́, ẹ̀dá ràgàjì aláwọ̀ elésèé àlùkò yẹn? Èèyàn odidi ló wọ inú ẹ̀, orí, apá, ẹsẹ̀, bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù. Ṣé afaragbogbosọ̀rọ̀ la máa pe ìyẹn? Mo tún fẹ́ fi ohun kan kún àpilẹ̀kọ ẹ̀gbọ́n, torí wọ́n fò ó, ó sì ṣe pàtàkì ju orúkọ lọ: Jon Stone wà lára àwọn tó kọ eré Cinderella yẹn ṣáájú kó tó dé orí afẹ́fẹ́, Jon Stone yìí kan náà ló wà nídìí Sesame Street, ètò tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1969, òun ló ní kí wọ́n lọ mú Henson wá. Bàtà tí Perrault fi sẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin yẹn wà lára ohun tó mú àwọn méjèèjì mọra, látibẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ wa, torí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wo àwọn ọmọláńgidi Kami àti Zobi nínú Sesame Square tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, inú ilé kan náà ni eré wọn ti wá.

Ẹ tún wo ohun táwọn tó ni eré yìí ń pè é. Àǹtí wa ní Kútọnu ti sọ ọ́, ẹ ò dá wọn lóhùn: "marionnette" tí wọ́n ń pè é níléèwé, Marion kékeré ni, Màríà kékeré nìyẹn. Ọmọ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò, "puppet", inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ọmọbìnrin àti ọmọláńgidi ló ti jáde. Àwọn ará Jámánì ń pe èyí tí ọmọdé ń pọ̀n àti èyí tó ń ṣeré ní Puppe kan náà, wọn ò sì ṣi ara wọn gbọ́. Àní ọmọláńgidi Guignol ti ìlú Lyon ní Faransé, tí Laurent Mourguet dá sílẹ̀ ní nǹkan bí 1808, tó sì jẹ́ pé ọwọ́ gan-an ni wọ́n ń kì bọ inú ẹ̀, orúkọ èèyàn ni wọ́n fún un. Kí ló wá dé tí Yorùbá nìkan á fi máa ka ìka ọwọ́ kó tó sọ orúkọ ọmọ?

Ìyá tó bí ìyá mi, nígbà tí wọ́n bá ń pa àlọ́ lálẹ́, wọ́n máa ń so ìdí gèlè wọn mọ́ ìka, wọ́n á gbé e sókè lẹ́bàá àtùpà, wọ́n á fi ohùn tínrín dá wa lóhùn láti inú ẹ̀, wọ́n á ní "ọmọláńgidi ń kí yín o". Ó ń mira, ó ń sọ̀rọ̀, ọmọláńgidi náà ni wọ́n pè é. Mo ti mọ̀ pé Ọ̀jọ̀gbọ́n á ní ìyá àgbà ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ará Ìjẹ̀bú kan níbí lọ́dún tó kọjá nígbà ìjà orí "ẹ̀rọ ayélujára", ará Ìjẹ̀bú yẹn ò sì bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí dòní, ohun tó dùn mí nìyẹn. Ẹnu irú àwọn ìyá yẹn lèdè wà, kí la tún ń wá? Àwọn tó ń sọ pé ère tó ń mira jẹ́ nǹkan àjèjì fún wa, tó fi gbọ́dọ̀ ní orúkọ tuntun, ṣé wọn ò tíì wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni? Ère wà lórí ìbòjú mìíràn tí wọ́n ń fi okùn fà, tó ń yí orí, tó ń ju apá, lójú agbo, ní Kétu àti káàkiri. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní afokùnmira.

Ọ̀rọ̀ ará àtijọ́ wá kù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló mú ọ̀rọ̀ 1687 wá, nígbà tí wọ́n ka ewì Perrault ní Académie française, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé èdè Faransé, pé ayé ìgbà ọba Louis Kẹrìnlá ò kéré sí ti àwọn Gíríìkì àti Róòmù, inú bí akéwì Boileau tó gbè sẹ́yìn àwọn àtijọ́, ìjà àwọn àtijọ́ àti àwọn ìgbàlódé sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwa tá ò fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun ni Boileau. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Perrault tó gbè sẹ́yìn ìgbàlódé yìí, ìwé ìtàn tó gbé jáde ní 1697, tó fi orúkọ ọmọ ẹ̀ bò ó, ẹ wo àwòrán tó wà níwájú ẹ̀: ìyá àgbà kan ló ń ran òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, àwọn ọmọ jókòó tì í wọ́n ń gbọ́. Ẹnu irú ìyá yẹn ló ní òun ti gbà á. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú àwòrán yẹn náà ni Gẹ̀ẹ́sì sọ di Mother Goose, òun sì ni Henson fún ọmọláńgidi ẹyẹ tó ń sọ ìtàn fáwọn ọmọ ẹ̀ ní nǹkan bí 1990. Ẹni ìgbàlódé gan-an ló lọ jókòó ti ìyá àgbà.

Ohun kejì tí mi ò lè fọwọ́ bò ni orúkọ Cinderella. Cendrillon, inú eérú ni Perrault ti fà á yọ, torí ẹ̀bá ààrò ló máa ń jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n pè é ní Eléérú nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, orúkọ tó dára gan-an, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n láti ìpínrọ̀ kẹta ó ti di "Elérùú"! Oníjìbìtì nìyẹn! Ọmọ tí ìyàwó bàbá ń fìyà jẹ, ẹ sọ ọ́ di olè. Ẹ̀gbọ́n ní àṣìṣe kíbọọ̀dù ni, pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe kékeré, àwọn Faransé ṣì ń jà lórí irú ẹ̀: bàtà yẹn, ṣé "verre" ni, gíláàsì, àbí "vair", irun ọ̀kẹ́rẹ́, méjèèjì dún bákan náà létí. Òǹkọ̀wé wọn Balzac ló gbé ti irun ọ̀kẹ́rẹ́ jáde, bẹ́ẹ̀ gíláàsì ló wà nínú ìwé 1697 kedere. Àwọn tí èdè wọn ò ní àmì ohùn ń jà báyẹn, àwa tá a ní in ò fẹ́ fi sí i.

Mo bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí wọ́n má wulẹ̀ sọ iye ọdún tí wọ́n fi kọ́ni ní yunifásítì fún wa mọ́, a ti mọ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún un. Ìbéèrè tí Àǹtí Kútọnu bi ẹ̀gbọ́n lánàá ni kí wọ́n bá wa dáhùn: tí Kermit bá ti di afọwọ́sọ̀rọ̀, kí la fẹ́ máa pe ọkùnrin tó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀? Wọn ò tíì fèsì o.