Ẹ gbà mí o: ta ló mọ onítẹ́rápì ọmọdé ní Ìkòròdú?

Màmá Ọlá, 9:14 alẹ́
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo ń wá ẹni tó ń ṣe occupational therapy fún ọmọdé, ní Ìkòròdú tàbí ibi tí kò jìnnà. Tíṣà ní bí ọwọ́ ọmọ mi kò bá yí padà kí táàmù yìí tó parí, kíláàsì yẹn náà ló máa tún jókòó sí. N kò tíì jẹun látàárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó, 9:20
Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá Ọlá. Obìnrin kan wà lẹ́yìn ilé-epo yẹn ní Ìtamágà, ọwọ́ rẹ̀ dáa gan-an. Ẹ bi àwọn ọlọ́kadà, wọ́n mọ̀ ọ́n.

Bàbá Dámi, 9:22
Ilé-epo wo? Ilé-epo pọ̀ ní Ìtamágà bí eṣú.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó, 9:23
Èyí tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá Dámi, 9:23
Ṣọ́ọ̀ṣì wo?

Nọ́ọ̀sì Òwútù, 9:31
Màmá Ọlá, ẹ kò sọ ọjọ́ orí ọmọ, ẹ kò sọ ohun tó ń ṣe ọwọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á. Físíò (physiotherapy) àti OT (occupational therapy tí ẹ ń wá) kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń jọ tọ́jú ọmọ kan. Ìdúró, ìrìn, agbára ẹsẹ̀, físíò ló sábà máa ń mójú tó o. OT ní tirẹ̀ á béèrè pé: kí ni ọmọ yìí ń fẹ́ ṣe lójoojúmọ́ tí kò rí ṣe? Kó fi ṣíbí jẹun, kó di bọ́tìnì, kó di pẹ́ńsù mú. Ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì. BRT láti gáréèjì, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Fádèyí. Bí ẹ kò bá fẹ́ Ìgbóbì, ẹ̀ka ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábà tó wà ní Òṣòdì ń tọ́jú ọmọdé.

Aláṣọ Agric, 9:40
Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó gbé ọmọ yín fún ẹnikẹ́ni o. N kò ní dárúkọ. Ibà pọ́njú ló mú ọmọbìnrin mi nígbà tó wà ní jòjòló, ẹsẹ̀ rẹ̀ wá le bí igi. Ọkùnrin kan ń wá sílé wa, aṣọ funfun lọ́rùn, báàgì lọ́wọ́, ẹgbẹ̀rún 8 náírà ní ẹ̀ẹ̀kan. Á tẹ ẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ á ké tí aládùúgbò á yọjú. Ó ní ẹkún yẹn gan-an ni àmì pé iṣẹ́ ń lọ. Mo gbà á gbọ́! Èmi tí mo bí i ni mo ń di apá rẹ̀ mú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, itan wú. A ya X-ray, eegun ti sán. Ìgbà tí ọkọ mi wá tú u wò, jíìmù tí wọ́n ti ń gbé irin ló ti ń fọwọ́ ra àwọn ènìyàn lára. Kò kàwé físíò, kò kàwé OT, kò kàwé nǹkan kan. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọmọ mi bá rí aṣọ funfun, ó máa ń tọ̀ sára.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó, 9:44
Yéè! Ṣé ẹni tó ga yẹn, tó ní Corolla pupa?

Ọmọ Bàyékù, 9:45
Ẹni tí mo mọ̀ kúrú.

Alága ẹgbẹ́, 9:50
Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí o.

Ọmọ Bàyékù, 9:58
Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, Yábà kẹ̀? Ọmọ tí ọwọ́ ń dùn, ẹ ní kó lọ sí Yábà? Ìyá ọkọ á gbọ́, ó di pé ìyàwó kó wèrè wọlé.

Nọ́ọ̀sì Òwútù, 10:02
Ta ló sọ pé ọwọ́ ń dùn ún? Òṣòdì yẹn náà ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ OT wà. Níbo lẹ rò pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ti wá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tijú orúkọ yìí lẹ ń sọ àwọn ẹlẹ́tàn di olówó. Ẹni tó bá kàwé rẹ̀, tó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MRTB, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń forúkọ àwọn onítẹ́rápì sílẹ̀, ó ní ìwé àṣẹ tó ń tún gbà lọ́dọọdún. Ẹ ní kó mú un jáde.

Àlùbáríkà Kids, 10:05
A ní rọ́bà tí ọmọ fi ń di pẹ́ńsù mú, àti kẹ̀kẹ́ tí ọmọ fi ń kọ́ ìrìn (baby walker). A ń gbé e délé.

Nọ́ọ̀sì Òwútù, 10:06
Kẹ̀kẹ́ yẹn kì í mú ọmọ tètè rìn o. Kánádà ti fòfin dè é láti 2004.

Alhaja Ṣábọ̀, 10:15
Màmá Ọlá, ọwọ́ wo ni ọmọ fi ń kọ̀wé?

Màmá Ọlá, 10:31
Ẹ má bínú, mo ń fún un lóúnjẹ ni. Ọmọ ọdún 5 ni. Ọwọ́ òsì ló fẹ́ràn, ṣùgbọ́n màmá ọkọ mi ní kò gbọ́dọ̀ fi òsì nawọ́ sí àgbà, wọ́n ti ń gbá a lọ́wọ́ láti bí ọdún méjì. Tíṣà náà ń gbá a. Kò lè di bọ́tìnì, ó sì máa ń ṣubú lórí àtẹ̀gùn.

Alhaja Ṣábọ̀, 10:34
Mo ti rò bẹ́ẹ̀. Ẹ fi òsì sílẹ̀ fún un jàre. Èmi náà olósì ni, ọ̀tún ni mo fi ń kíni, òsì ni mo fi ń ránṣọ.

Nọ́ọ̀sì Òwútù, 10:40
Òótọ́ lẹ sọ, Alhaja, ṣùgbọ́n ṣíṣubú lórí àtẹ̀gùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òsì. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kó tó dìgbà yẹn, kó máa bó ẹ̀gúsí, kó máa ṣa ẹ̀wà, kó máa ta ayò, kó máa fún kànìnkànìn nínú omi. Ẹ ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì kéékèèké fún un, ìka ló máa fi mú un, kò ní lè fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú. Ọ̀la ni kí ẹ lọ bá tíṣà yẹn.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó, 10:52
Ẹ̀yin ará ilé, ilé-ìwé wo ni kì í na ọmọ ní apá Odògúnyàn?

Màmá Ọlá, 7:05 òwúrọ̀
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Bàbá Ọlá kò fẹ́ gbọ́ Òṣòdì rárá, Ìgbóbì sì jìnnà fún wa láàárín ọ̀sẹ̀. Obìnrin kan láti Ìjẹ̀dẹ̀ kọ̀wé sí mi lábẹ́lẹ̀ lóru, ó ní òun máa ń lọ sílé. Sátidé ló ń bọ̀. Ohùn rẹ̀ tù mí lára.

Aláṣọ Agric, 7:09
Ohùn ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn náà tù mí lára. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Bí ọmọ bá ké, kí iṣẹ́ dúró.

Màmá Ọlá, 7:11
Màá béèrè, mà.

Bàbá Dámi, 7:30
Ìyá Ìbejì, ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí ilé-epo yẹn. Dámi ti pé ọdún méjì, kò tíì rìn.