Ìka ọwọ́ òsì ọmọ mi kò ṣí lẹ́yìn rọpárọsẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, Ìkòròdú ni a ń gbé. Fòníkú-fọ̀ladìde ló fa rọpárọsẹ̀ fún ọmọbìnrin mi lọ́mọ ọdún 6. Ó ti di 9 báyìí. Ẹsẹ̀ ti padà, ó ń sáré. Apá òsì náà ń gbéra, ṣùgbọ́n ìka kò ṣí: bó bá di ife mú, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Físíò (ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú apá àti ẹsẹ̀ tó rọ) ní kí n fi ìbọ̀sẹ̀ bo ọwọ́ ọ̀tún kí òsì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹkún ló ń sun, á sì bọ́ ọ dànù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe èyí fún ọmọ yín, wákàtí mélòó lóòjọ́ lẹ fi ń bò ó, iṣẹ́ wo lẹ sì gbé fún ọwọ́ tó rọ kí ìka tó ṣí?