Eégbọn kò tán lára ajá mi: ṣé oògùn ni àbí ilé ajá?

Alájá_Apẹ̀tẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alájá. Boerboel, irú ajá ńlá kan, ni ajá mi, abo, ọmọ ọdún mẹ́ta, kílò 32. Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni mò ń fi amitraz, oògùn eégbọn tí a ń pò mọ́ omi, wẹ̀ ẹ́, ìdérí ìgò kan sí báàkẹ́ẹ̀tì onílítà mẹ́wàá. Bí mo bá ti wẹ̀ ẹ́ báyìí, eégbọn á já bọ́ rẹpẹtẹ, àmọ́ kó tó di ọjọ́ karùn-ún, inú etí rẹ̀ àti àárín ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ á tún ti kún. Búlọ́ọ̀kù tí a kò rẹ́ ni ilé rẹ̀, orí pákó ló ń sùn. Ẹnì kan ní kí n po Sniper, oògùn apakòkòrò, mọ́ omi ìwẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí n gún un ní ivermectin, abẹ́rẹ́ aràn ti màlúù. Èwo ni ká ṣe?

Dókítà_Ẹran:
Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Dichlorvos ló wà nínú Sniper, awọ ara ló sì ń gbà wọlé: itọ́ á máa dà lẹ́nu ajá, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ọmọlójú rẹ̀ á sún kì bí orí abẹ́rẹ́, kó tó ṣubú. Torí pé ó ń pààyàn náà ni NAFDAC fi fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ ní 2019. Ní ti ivermectin, kì í fi bẹ́ẹ̀ ran eégbọn ajá. Ìwọ̀n ti màlúù, mílílítà kan fún kílò 50, kò sì ṣeé fi dánra wò lára ajá tó bá ní ẹ̀jẹ̀ irú ajá bíi Collie tàbí Alsatian, torí ó lè wọ ọpọlọ wọn.

Amitraz ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún, mílílítà méjì sí lítà omi kan ni. Báàkẹ́ẹ̀tì yín ń fẹ́ mílílítà 20, ìdérí kan kò sì lè tó bẹ́ẹ̀. Síríńjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ ajá, ẹ ṣan án, ẹ nù ún, kí ẹ tó fi kànìnkànìn pa oògùn náà láti ọrùn dé ìrù, abẹ́ abíyá, àárín ìka ẹsẹ̀. Òwú ni kí ẹ fi nu inú etí. Ẹ má ṣan án kúrò. Òjìji ni kó ti gbẹ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù, kì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń lọ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin kò sì gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́. Ajá lè tòògbé díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá lè dìde, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò kíá, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ tilẹ̀ pò ó bó ṣe yẹ, wọ́n á ṣì padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni eégbọn yìí, Rhipicephalus sanguineus, ń gun ajá láyé rẹ̀: nígbà tó jẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà, nígbà tó di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí kò tíì gbó, àti nígbà tó gbó. Bó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á já bọ́, á wọ ihò lọ bọ́ awọ. Abo tó yó kì í yé sára ajá. Ògiri ló ń gùn lọ sókè, á wá ihò, á yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún síbẹ̀, á sì kú. Èyí tó gbó lè fi ebi gbé nínú ògiri ju ọdún kan lọ. Àwọn tí ẹ ń rí lọ́jọ́ karùn-ún, inú búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ti ń bọ̀.

Olùtọ́jú_Kẹ́nẹ̀lì:
Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni eégbọn. Ẹ kó ajá jáde, ẹ sun pákó yẹn. Ẹ ha ògiri, kí ẹ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ dé òkè pátápátá. Ibi tí ògiri ti pàdé òrùlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹyin pọ̀ sí. Bó bá ti gbẹ, ẹ fọ́n cypermethrin, oògùn apakòkòrò, sí i, ìwọ̀n tó wà lára ìgò ni kí ẹ tẹ̀ lé, títí tí ògiri á fi tutù láìṣàn. Oògùn kì í pa ẹyin, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ tún un fọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kó gbẹ tán kí ajá tó wọlé. Ológbò má débẹ̀ o.

Abẹ́rẹ́àtiÀwo:
Èmi á fi tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń pa eégbọn kún un. Fluralaner mílígíráàmù 1000 ni ti ajá tó ju kílò 20 lọ tí kò ju 40 lọ, ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ, ọ̀sẹ̀ 12 ló ń gbé. Eégbọn gbọ́dọ̀ bù ú jẹ kó tó kú, torí náà ẹ ó ṣì rí wọn lára rẹ̀, àmọ́ òkú ni wọ́n á jẹ́ láàárín wákàtí 12. Ajá tó bá ń ní wárápá, ẹ má fún un láìbi dókítà léèrè.

Ẹ wo èrìgì rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá funfun, tí ara rẹ̀ gbóná ju 39.5°C lọ, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, Babesia, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń kó ran ajá, ni kí ẹ fura sí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nímú rẹ̀, ó lè jẹ́ Ehrlichia, òun náà eégbọn ló ń kó o ran ajá. Kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó gún un. Diminazene, oògùn Babesia, oníṣáṣẹ́ẹ̀tì ti màlúù, gíráàmù 2.36, mílílítà 15 omi ni wọ́n ń fi pò ó. Mílígíráàmù 3.5 fún kílò kan ni ti ajá, ìyẹn mílílítà 1.6 fún tiyín. Àwọn kan ń fi mílílítà márùn-ún pò ó, wọ́n á sì tún gún 1.6 yẹn: ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n gún un. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà. Ẹ jẹ́ kí dókítà gún un.

Alájá_Apẹ̀tẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n Olùtọ́jú, táńkì ẹja àrọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ajá náà, kò ju mítà mẹ́ta lọ. Ṣé bí mo bá fi tapólì bò ó, ó ti tó?

Olùtọ́jú_Kẹ́nẹ̀lì:
Kò tó. Ìwọ̀nba díẹ̀ cypermethrin tó bá kán sómi ti tó láti pa gbogbo ẹja yẹn, òjò sì lè wẹ̀ ẹ́ láti ara ògiri. Ẹ fi ọ̀rọ̀ fífọ́n sílẹ̀ nígbà náà. Ẹ rẹ́ ògiri, ẹ da sìmẹ́ǹtì sí ilẹ̀ títí dé kọ̀rọ̀, kí ẹ sì lo tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn léraléra, láìjẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 12 kọjá. Ó máa pẹ́ ju ti oògùn ògiri lọ. Omi ìwẹ̀ amitraz náà, ẹ má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì.