Ẹ̀dà ìpamọ́ mi ń lọ geere lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lóru

Ìbéèrè

Mo kí gbogbo yín o. Mo ní àpótí ìpamọ́ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n ń pè ní NAS, tí ó ní háàdì dísìkì méjì nínú, mo sì ti fi wáyà so ó mọ́ ràútà. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí kọ̀ǹpútà mi, tí ó ń lo Windows 11, máa ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì iṣẹ́ mi sínú àpótí náà ní aago méjì òru lójoojúmọ́, láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo fún fódà tí ó wà lórí àpótí náà ní lẹ́tà Z, mo kọ àṣẹ kan ṣoṣo ti robocopy (irinṣẹ́ Windows tí ń ṣe ẹ̀dà fáìlì) sínú fáìlì, mo sì ní kí Task Scheduler, ètò Windows tí ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, máa ṣe é:

robocopy C:\Ise Z:\Ise /MIR

Bí mo bá tẹ fáìlì yìí fúnra mi lọ́sàn-án, ohun gbogbo a lọ geere. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo wo inú àpótí, n kì í bá fáìlì tuntun kankan níbẹ̀; òru mẹ́sàn-án rèé. Mo ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, mo ti pa àpótí náà tún tàn, mo tilẹ̀ ti pààrọ̀ wáyà. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni mo ti ṣì í ṣe?

Èsì kìíní

Ẹ kú làálàá. Wáyà yín kò ṣẹ̀, lẹ́tà Z ni ó ń dà yín láàmú. Lẹ́tà tí ẹ fún fódà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà lápapọ̀. Ti ẹni tí ó wọlé ní àkókò yẹn ni. Bí ẹ bá ti yan "Run whether user is logged on or not", Windows yóò ṣí ààyè mìíràn fún iṣẹ́ náà lóru, kò sì sí ohun tí ń jẹ́ Z nínú ààyè yẹn. Ó dà bí ẹni tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ sínú àpò aṣọ ọ̀sán, tí ó wá wọ òmíràn jáde lóru.

Ẹ yọ Z kúrò, kí ẹ kọ ojú ọ̀nà náà ní kíkún:

robocopy C:\Ise \\192.168.1.20\Ipamo\Ise /MIR /R:2 /W:5 /LOG:C:\Akosile\oru.txt

Ẹ fi nọ́ńbà ti àpótí yín rọ́pò èyí tí mo kọ, kí ẹ sì wọ inú ràútà lọ fi nọ́ńbà náà pamọ́ fún un, kí ó má baà gba òmíràn lọ́jọ́ kan. Ẹ má ṣe fojú kéré /R àti /W, nítorí pé bí ẹ kò bá kọ wọ́n, robocopy yóò máa tún fáìlì tí kò ṣe é kọ gbìyànjú nígbà mílíọ̀nù kan, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Fáìlì kan péré tí ẹ gbàgbé láti tì lè dá gbogbo iṣẹ́ òru dúró.

Ohun méjì ṣẹ́kù. Bí ẹ bá fàmì sí "Do not store password", iṣẹ́ náà kò ní lè kan ohunkóhun tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà yín, nítorí náà ẹ yọ àmì yẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí "Conditions", kí ẹ fàmì sí "Wake the computer to run this task", torí kọ̀ǹpútà tó sùn kò lè ṣe ẹ̀dà. Bí ó bá jẹ́ láàpútọ́ọ̀pù, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kìkì nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀. Wọ́n máa ń ti fàmì sí i láti ilẹ̀ wá.

Èsì kejì

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹni ìṣáájú sọ, àmọ́ /MIR ni ó ń bà mí lẹ́rù ju Z lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ibi ìpamọ́ rí bí orísun gẹ́lẹ́: ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níhìn-ín, yóò pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Mo fi ọwọ́ ara mi pa fódà kan rẹ́ ní irọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ láìmọ̀. Ìgbà tí mo fi máa wá a ní òwúrọ̀ Ẹtì, ẹ̀dà tí ó wà nínú àpótí ti bá a lọ. Dísìkì méjì tí ó wà nínú NAS kò ràn mí lọ́wọ́ rárá, nítorí pé ohun kan náà ni wọ́n jọ gbé dání. Ikú dísìkì kan ni wọ́n ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́ wa.

Bí NAS yín bá ní snapshot, ẹ tàn án, kí ó máa rántí bí fódà ṣe rí lójoojúmọ́, ó kéré tán fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ dá orúkọ ìwọlé kan sílẹ̀ lórí NAS tí iṣẹ́ òru nìkan yóò máa lò, kí èyí tí ẹ̀yin ń lò lọ́sàn-án lè kà nìkan, kí ó má lè kọ. Àwọn ètò agbowó ìràpadà (ransomware) tí ń ti fáìlì ènìyàn pa a máa dé gbogbo fódà tí ẹni tó wọlé bá láṣẹ lórí rẹ̀. WannaCry, ọ̀kan nínú wọn tí ó jà ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, gba ojú ihò SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọlé. Bí NAS àtijọ́ bá ní kí ẹ tan SMB1 kí òun tó lè bá Windows sọ̀rọ̀, ẹ má gbà fún un.

Èsì kẹta

Fún ẹni tó bá ń lo Mac: Time Machine, ètò ẹ̀dà ìpamọ́ tí ó wà nínú Mac, lè kọ sórí NAS tààrà, yóò sì máa tọ́jú ẹ̀dà oníwákàtí fún wákàtí 24, ti ojoojúmọ́ fún oṣù kan, àti ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ fún èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ dá ààlà sí ààyè rẹ̀ o, nítorí yóò máa gbà á títí tí yóò fi kún. Ẹ fi wáyà ṣe ẹ̀dà àkọ́kọ́: lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gígábíìtì kan, 500 GB lè gba bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bí fáìlì bá tóbi. Wẹ́wẹ́ fáìlì ni yóò pẹ́ jù.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo tún àṣẹ náà kọ, mo sì tan snapshot. Àkọsílẹ̀ òru àná fi hàn pé fáìlì 214 ni ó kọ. Mo gbé ìwé ìṣirò kan láti inú àpótí sí fódà mìíràn, ó sì ṣí láìsí wàhálà. Àmọ́ Task Scheduler kọ 0x1 síwájú iṣẹ́ náà dípò 0x0. Ṣé àṣìṣe kan ṣì wà ni?

Èsì kìíní

Rárá. Nọ́ńbà tí robocopy fi parí iṣẹ́ ni yẹn: 0 túmọ̀ sí pé kò sí ohun tuntun láti kọ, 1 túmọ̀ sí pé ó kọ fáìlì, ó sì kọ wọ́n tán. Bí ẹ bá rí 8 tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣí oru.txt.