Ilé alámọ̀ tí mo fẹ́ kọ́ n'Íbàdàn: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àdúrótì. Mo gbé àwòrán ilé yàrá mẹ́ta síwájú yín, mo ní kí ẹ bá mi wo bí ooru ò ṣe ní pa wá nínú rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ amúlétutù. Àwòrán náà ti parí, torí náà mo fẹ́ fi èyí kádìí rẹ̀.

Ojú tí ilé kọ ló yí padà jù. Bàbá bíríkìlà kan nínú yín ló ní kí n má jẹ́ kí ògiri gígùn kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló máa yan án, ooru á sì wà nínú rẹ̀ di òru. Ó ti kọjú sí àríwá àti gúúsù báyìí, fèrèsé sì dojú kọ fèrèsé kí atẹ́gùn lè gba inú ilé kọjá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú bíi ti ilé àwọn bàbá wa. Èyí dùn mọ́ mi jù!

Búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ la máa lò, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rù pé òjò lè ba ògiri amọ̀ jẹ́, òótọ́ lẹ sọ: ìpìlẹ̀ máa ga, òrùlé á sì yọ síta dáadáa. Omi òjò á gba gọ́tà wọ táńkì. Sólà á kọjú sí gúúsù. Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ò ní kúrò.

Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán náà, kó sọ, màá fi ránṣẹ́. Ẹ ṣeun gan-an.