Ológbò ìta yìí ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Akọ ológbò kan tí ò ní olówó ló ń wá sẹ́yìnkùlé mi láti bí oṣù méjì, etí ẹ̀ kan ti ya. Alaalẹ́ ni mò ń gbé oúnjẹ síta fún un, ó ń jẹ ẹ́ o, àmọ́ tí n bá ti mira báyìí ó ti fò kọjá fẹ́ǹsì. Mo máa ń jókòó jìnnà, mi ò kì í tẹjú mọ́ ọn, mo kàn ń ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àná ló wá gbóòórùn bàtà mi, inú mi dùn ju ara lọ, mo nawọ́, ló bá ha mí lọ́wọ́ (mo ti lọ gbabẹ́rẹ́). Ṣé kí n máa sún abọ́ mọ́ra díẹ̀díẹ̀ ni? Mo sì fẹ́ kí dókítà ẹran tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, báwo lẹ ṣe ń mú irú ẹ̀ láìdẹ́rù bà á?