Òjò ń rọ̀ gan-an, kí ló wá dé tí odò inú igbó wa fi ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn?

Ọmọ Oníkòkó:
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Odò kan wà nínú igbó ẹ̀yìn oko kòkó bàbá mi lápá Ìdànrè, nígbà tá a wà lọ́mọdé odò yìí kì í gbẹ, bí ọyẹ́ ṣe wù kó le tó ẹ máa bá omi níbẹ̀, ibẹ̀ la ti ń pọn omi tá a fi ń po oògùn kòkó. Ní báyìí tó bá ti di oṣù kejì ọdún, òkúta lásán lẹ máa rí. Èyí tí ò yé mi ni pé òjò ò kúkú dáwọ́ dúró, tóṣù kẹsàn-án bá dé ó máa ń rọ̀ débi pé ó ń gbé afárá lọ. Àwọn kan ní climate change ni, ìyẹn ojú ọjọ́ ayé tó ń yí padà, àwọn kan ní àwọn onígẹdú ni. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ̀, torí bàbá fẹ́ gé àwọn igi etí odò yẹn kí wọ́n lè gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀.

Àǹtí Olómi:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o bọ̀dá. Iṣẹ́ omi ni mo kọ́, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Bí òjò ṣe pọ̀ tó lọ́dún nìkan kọ́ lodò ń wò, bó ṣe ń rọ̀ náà ńkọ́? Tí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì 1 gbóná sí i, omi tó lè gbé dúró á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Torí náà tó bá máa tú u sílẹ̀, ó máa ń dà á wàì, òjò tí ì bá rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan á rọ̀ tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ò lè mu gbogbo ẹ̀, àgbàrá ló ń gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ omi tẹ́ ẹ máa ń rí lódò lóṣù kejì, omi òjò oṣù kẹsàn-án tó ti wọ ilẹ̀ tó wá ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ ni. Èyí tí ò bá wọlẹ̀, ẹ ò lè rí i lẹ́ẹ̀rùn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ooru. Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń fa omi lára ewé àti lára ilẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá gùn, igi á pa àwọn ihò wínníwínní abẹ́ ewé ẹ̀ dé kó má baà gbẹ, òmíràn á wọ́wé, oòrùn á wá máa ta bá ilẹ̀ igbó tí ò rí oòrùn rí. Akàn, ọ̀pọ̀lọ́, ẹja wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ló ń jìyà ẹ̀.

Baba Gẹdú:
Òótọ́ làǹtí sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀ ru ojú ọjọ́ o. Igbó Ọmọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, àtọdún 1977 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn igbó tó yẹ ká dáàbò bò, síbẹ̀ oko kòkó ti wọnú ẹ̀ lọ. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, àwa la sì ń gé igi tó yẹ kó dá àgbàrá dúró. Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan: ṣebí igi náà ń mu omi? Wọ́n gé igbó kan nítòsí wa, odò ibẹ̀ sì kún sí i.

Àǹtí Olómi:
Bó ṣe máa ń rí níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn sà, torí igi ò mu omi yẹn mọ́. Àmọ́ tẹ́sẹ̀ èèyàn àti ọkọ̀ agégẹdú bá ti tẹ ilẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀, tí kò séwé gbígbẹ lórí ẹ̀ mọ́, tí òjò ń lù ú tààrà, ilẹ̀ á le, omi ò ní rọ́nà wọlé. Odò á máa kún àkúnya nígbà òjò, á sì gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Ohun tẹ́ni tó béèrè ń rí gan-an nìyẹn, ojú ọjọ́ ń ṣe tiẹ̀, ẹ̀rọ agégi ń kún un.

Ọmọ Yorùbá ní Bràsíl:
Ẹ wo ibi tí mo wà níbí. Lọ́dún 2023 odò Rio Negro ní Manaus, ìlú ńlá kan nínú igbó Amazon, wálẹ̀ dé mítà 12.70, kò tíì rí bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n ní 1902. Ọdún tó tẹ̀ lé e ó tún wálẹ̀ dé 12.11. Ní adágún Tefé, omi gbóná kọjá dígírì 39, dolphin, ẹran omi ńlá tó jọ ẹja, tó lé ní 100 ló kú, ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. El Niño, ìyẹn ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ tó ń da òjò rú, wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn onímọ̀ tó ṣe ìṣirò ẹ̀ ní ooru ayé tó ń pọ̀ sí i ló gbẹ ilẹ̀ yẹn jù. Igi Amazon ló ń fa omi látinú ilẹ̀ rán sójú ọ̀run, atẹ́gùn á gbé e lọ, á tún rọ̀ níwájú, ẹni tó bá gé igi níhìn-ín ń gba òjò lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọmọ Oníkòkó:
Ẹ ṣeun gan-an, ó ti yé mi. Bàbá ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, màá kà á fún wọn. Ibo wá ni ká gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà sí?

Àǹtí Olómi:
Ẹ lọ sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ fi igi etí odò sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, pàápàá níbi tí omi ti ń sun. Ẹ má jó ewé tẹ́ ẹ bá ṣán, ẹ tẹ́ ẹ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá ebè yín kó dábùú òkè kó lè gba àgbàrá dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé po oògùn kòkó létí odò, ẹ pọn omi lọ sóko kẹ́ ẹ tó pò ó.